Bí Mo Ṣe Gbé Ìyá Oró Kúrò Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ìpàdé láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ àtúnfihàn ni — àwọn eré àtijọ́ tá à ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí wọ́n á fi sú ògiri pàápàá. Ṣé ká ṣíwọ́ ẹ̀ ni, àbí ká máa bá a lọ?

Ọ̀gá — Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó ni mo ń pè é, ìwé yìí nìkan ló mọ̀ — ní àwọn òǹwòran ń pariwo. Wọ́n ní owó ará ìlú la fi ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, ọbẹ̀ àná la wá ń bù fún wọn lójoojúmọ́. Irọ́ kọ́. Èmi tí mò ń to ètò mọ̀ pé irọ́ kọ́.

Baba Téèpù, tó ń tọ́jú àwọn eré àtijọ́ nísàlẹ̀ ilé, yarí. Ẹni tó wà níbi iṣẹ́ nígbà tí eré kọ́kọ́ jáde ńkọ́? Àwọn àgbà tó dá wà nílé ńkọ́? Ẹnu ò kò. Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Mo ti mọ̀! Ó ní èmi ni mo sún mọ́ iṣẹ́ yẹn jù, kí n mú àbá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 5

Àǹtí mi yà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi, òṣèré. (Lójú rẹ̀ mi ò jẹ́ pè é ní "ó", inú ìwé nìkan ni mo ti láyà.) Nínú gbogbo eré tó ṣe láyé ẹ̀, ẹyọ kan làwọn èèyàn rántí: Ìyá Oró, ìyá ọkọ tó tilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀ síta nínú òjò. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Gbogbo ìgbà tá a bá tún un gbé jáde, Àǹtí ò ní lè rìn lójú títì kí wọ́n má bú u.

Lónìí, ẹlẹ́ran ní òun ò ta ẹran fún ìkà. Aránṣọ ní kó kọ́kọ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ kóun tó wọn ara ẹ̀. "Ẹ ti ba tèmi jẹ́, ìwọ àti tẹlifíṣọ̀n yín!" Àǹtí pòṣé, ó mu tíì ife méjì. Nígbà tí aládùúgbò mi wọlé, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ran ti di méjì.

Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Nígbà tí ìyá wa kú, ta ló tọ́ mi? Ta ló ń dirun fún mi lọ sílé ìwé? Ètò sì wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá lè gbé ìtìjú yìí kúrò lójú ẹ̀, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo ti sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n dá gbogbo àtúnfihàn dúró. Mo rojọ́ bí agbẹjọ́rò — owó ará ìlú, eré tuntun, àwọn òṣèré kéékèèké tí ò ráyè. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Mi ò dárúkọ Àǹtí. Baba Téèpù kàn wò mí: "Ṣé o bi àwọn tó ń wò ó?" Mo ní wọ́n ti pariwo tó. Ọ̀gá ní ó parí, oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní ká wò ó!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin

Eré tuntun ti gba àyè Ìyá Oró. Mo pe Àǹtí: "Ẹ ti bọ́ o!" Ó ní o ṣé, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ayọ̀ ló dí i lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Àǹtí ò wá. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Mo sin Àǹtí lọ ra nǹkan. Ó kun ètè, ó múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì la kọjá níwájú ẹlẹ́ran. Ọ̀bẹ lọkùnrin náà ń pọ́n. Níkẹyìn Àǹtí dúró, ó fojú wò ó láti òkè délẹ̀, ó pòṣé — òṣé Ìyá Oró gan-an, èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Ẹlẹ́ran ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹran tòní ni. Èló ni kí n gé fún yín?"

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, mo ṣàwàdà: "Ẹ rí i, wọ́n ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Ó dúró sójú ọ̀nà. "Mo ráhùn ni. Ṣé mo bẹ̀ ọ́?"

Yéè! Àṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ran yẹn, ṣe ni Àǹtí ń fi yangàn. Aládùúgbò mi tó kàn yà wá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ló ń rín lọ́jọ́ yẹn. Èmi tó tọ́ dàgbà ni mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 12

Mo bẹ Ọ̀gá kó dá wákàtí àtúnfihàn kan péré padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu èmi fúnra mi ló fi dá mi lóhùn, kò gbàgbé ọ̀kankan. Àwọn òṣèré kéékèèké yẹn sì ti ń ṣiṣẹ́, ta ló fẹ́ lé wọn? Ẹyin lohùn, lóòótọ́.

Baba Téèpù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣe ẹ̀dà eré Ìyá Oró sórí fíláàṣì, ó ní kí n mú un fún Àǹtí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde, pé òun ò bínú. Mo fún un ní fíláàṣì. Ó yí i wò, ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, táwọn ọmọ ti lọ, ta ló ń pè mí? Àwọn tó ń bú mi yẹn náà ni. Bí èmi nìkan bá jókòó tì í síbí, tí mò ń wo ara mi, ta ló máa bú mi?"

Mo se oúnjẹ, a jẹun, a ò tan tẹlifíṣọ̀n.