Aṣọ Ìnura Tó Gbẹ Délé

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Pásítọ̀ ní kí kálukú gbé omi àti aṣọ ìnura wá, ká wẹ ẹsẹ̀ ara wa bí Jésù ṣe wẹ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fọ aṣọ ìnura mi lánàá, mo tún lọ̀ ọ́.

Nígbà tó tó àkókò, mo kúnlẹ̀ níwájú Bísí, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó jókòó tì mí. Ló bá fò dìde. "Háà, Mọ́mì! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí màmá mi pa mí ni?" Ó sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo yíjú sí akọ̀wé ìjọ. Òun dọ̀bálẹ̀ ni! Ó ní, "Mà, ẹ ti wẹ tiwa nínú ẹ̀mí."

Orúnkún tó ń dùn mí yìí ni mo fi kúnlẹ̀ o.

Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, mo mọ̀. Wọ́n á kí mi láti òkèèrè, wọ́n á sì kọjá lọ.

Pétérù náà kọ́kọ́ kọ̀, àmọ́ nígbà tí Jésù bá a sọ̀rọ̀, ó gbà. Ká ní Ìlódè níbí ni Jésù wà, tí orí rẹ̀ funfun bíi tèmi, ta ni ì bá na ẹsẹ̀ fún un?

Ọkọ mi nìkan ló máa ń na tiẹ̀ fún mi, nígbà àìsàn tó pa á. Kì í bá mi jiyàn.

Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà nígbà tí mo délé, mo gbé e síwájú àga rẹ̀. Mo jókòó tì í títí omi náà fi tutù.