Ọ̀dà Pupa Lára Ṣọ́ọ̀bù Tuntun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, oṣù Ṣẹ́rẹ́
Gbèsè ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Èmi ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ló jẹ mí: ṣọ́ọ̀bù kan, tí Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ọ́fíìsì ìdàgbàsókè, ti ṣèlérí láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé ìfọṣọ mi kí ọ̀nà lè fẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni mo ti ń fọṣọ báyìí. Òjò tún rọ̀, nínú oṣù tí kì í rọ̀. Gbogbo ilé ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ṣọ́jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje
Mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dára, mi ò ní purọ́. Àyè ìsáṣọ wà. Ṣùgbọ́n etí odò ni — ìsàlẹ̀ pátápátá. Bàbá Ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ti rò ó. Kí ni wọ́n rò?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ
Aṣọ ò gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Nǹkan dé. Bàbá Òjò, ọ̀gá ọ́fíìsì ojú ọjọ́, kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù etí odò náà: omi ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Káfíńtà ṣì wà lórí òrùlé, ó ń kan páànù lọ. Ó bi wọ́n bóyá kí òun sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Ó bá ń kàn án lọ.
Ọ́fíìsì méjèèjì kọjú síra wọn o. Ẹnì kan náà ló ń po tíì fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá
Mo ti bẹ Bàbá Ṣọ́ọ̀bù títí. Mo ti bẹ Bàbá Òjò náà. Oníkálukú ní kí n lọ rí ìkejì. Ó dáa. Àwọn àlejò tó fẹ́ fún wọn lówó ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta, kóòtù tí àwọn méjèèjì fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà sì wà lọ́wọ́ mi fún fífọ̀. Mo ní kí wọ́n wá gbà á lọ́la, aago mẹ́rin. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé ìkejì ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí ara wọn bí àna tó ń jà. Bẹ́ǹṣì kan ni mo ní. Wọ́n jókòó, aṣọ tútù ń kán sí wọn lórí. Mo bi wọ́n: ṣé kí n wọ ṣọ́ọ̀bù náà àbí kí n má wọ̀ ọ́? Bàbá Ṣọ́ọ̀bù ní ètò ọdún márùn-ún lòun ń tẹ̀ lé, kò sí òjò nínú rẹ̀. Bàbá Òjò ní òun náà ní ètò, kò sí ṣọ́ọ̀bù nínú tòun.
Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, omi ńkọ́? Ètò ta ni yóò tẹ̀ lé?"
Bàbá Òjò wá rọra sọ̀rọ̀. "Màmá, ilẹ̀ gíga kan wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ìjọba ló ni ín. Kò kàn sẹ́ni tó bi mí ni."
Bàbá Ṣọ́ọ̀bù tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.
Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú gan-an. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi máa wà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kóòtù ṣì wà lórí ìkọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo dá fún wọn láti mú ìwé náà wá gba kóòtù.