Ìdí Tí Mọ́tò Mi Kò Fi Dúró ní Ìwàràjà

Ìtagunmódì,
Oṣù Kọkànlá, 1973.

Cornelius ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ rélùwéè ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Ìgbónà kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé Òṣogbo kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà láàyè, à ń jẹun, à ń sùn, òjò sì ti ń dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́tò, n kì í rántí ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo rí ìwé tí o kọ tẹkúntẹkún. Nu ojú rẹ. Màmá Ìwàràjà ti gbà. Màá tún un kọ kí o lè tún un kà: ẹ̀gbọ́n mi Yéjídé, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Màmá Ìwàràjà, ti gbà láti bá wa wá sí Òṣogbo wá tọrọ Nọ́síràtù fún ọ, ẹnu wọn ni yóò sì sọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé wa. Lọ sọ fún bàbá ọmọ náà, Bàbá Mùyídéènì, pé kí wọ́n má tíì fa ọmọ wọn fún ẹlòmíràn o. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú ni mo ti ń sun oorun àsùnwọra, ìyá rẹ sì ní bí mo ṣe ń hanrun kò jẹ́ kí adìyẹ ilé sùn. Ara tù mí, ọmọ mi, ara tù mí gan-an ni.

Ó yẹ kí o mọ bó ṣe jẹ́, nítorí bátìrì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O rántí Láńdíróbà tí mo rà lọ́wọ́ kọngilá tó parí iṣẹ́ ọ̀nà. Mọ́tò náà dára, ó ń gun òkè bí ewúrẹ́, ẹrẹ̀ kò tó ohun tó ń dá a dúró, ó sì ń gbé kòkó jáde nínú oko tí kẹ̀kẹ́ pàápàá kò lè dé. Ohun kan ṣoṣo ni kọngilá kò sọ fún mi, òun náà ni pé ó ti yọ dánámò rẹ̀ lọ. Dánámò ni ohun tó ń fún bátìrì lóúnjẹ bí mọ́tò bá ṣe ń rìn. Èmi kò mọ̀, mo rò pé ẹni tó ra mọ́tò ló gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bátìrì, bí a ṣe ń bọ́ ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé bátìrì lọ bá Rájí, réwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Iléṣà, kó máa bá mi ṣáájì rẹ̀. Àmọ́ kì í pẹ́ tí iná náà fi ń lọ sílẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá kù ń tó mọ́tò láti máa rìn, ṣùgbọ́n kò tó láti jí i.

Bí mọ́tò bá wà lórí òkè, kò sí wàhálà. Màá tú búrékì, yóò máa yí lọ sísàlẹ̀, màá ju gíà sí i, yóò wúkọ́, yóò sì jí. Àmọ́ bó bá wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó parí. Bí mo bá sì dúró tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń fún un ní epo, kíá ni yóò kú. Bó ṣe di pé àwọn tí ilé wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ni mò ń yà kí nìyẹn. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tí n kò fẹ́ràn rí, tí a wá di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn nítorí ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Mo kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, àwọn àgbà ìjọ ibẹ̀ sì ní Ẹ̀mí ló darí mi, n kò sì bá wọn jiyàn. Ìyá rẹ náà ti mọ bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí, pẹ̀lú agbọ̀n lórí, kò sì tíì ṣubú rí.

Ilé Màmá Ìwàràjà ni ìṣòro. O mọ̀ pé ẹ̀bá oríta ni ilé wọn wà, ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá ti ń lọ sọ́nà Àkúrẹ́, màá rọra, màá ṣí fìlà, màá yọ orí jáde, màá máa kígbe pé ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, àmọ́ ẹsẹ̀ mi wà lórí tọ́tù, kí wọ́n sì tó gbé àpótí ìjókòó jáde fún mi, mo ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Wọ́n ní èmi tí wọ́n pọ̀n dàgbà, tí mo tọ̀ sí wọn lẹ́yìn, ni mo wá ń kí wọn bí ẹni ń kí ọlọ́pàá lójú pópó. Mo ṣàlàyé pé bí mọ́tò bá kú níbẹ̀, kò ní í jí mọ́. Wọ́n bi mí pé irú nǹkan wo ló lágbára láti Ìtagunmódì dé Ìwàràjà, tí kò wá ní agbára láti kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn. Ká sọ tòótọ́, èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Mo wọ lọ́rì lọ síbẹ̀, kí n lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ló tún wá bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n ní àṣé mọ́tò wà fún àwọn ará ìta, àwọn ni mo wá fi lọ́rì ọlọ́rì bẹ̀ wò, tí mo jókòó síwájú àwọn bí òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ. Wọ́n ní kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni àwọn ń fẹ́. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti sọ fún pé àbúrò àwọn ní mọ́tò, kò sì sí ẹni tó rí i kó dúró rí, àwọn kan tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n ní àfi bí mọ́tò náà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ojú gbogbo ayé rí i, àwọn kò bá ẹnikẹ́ni lọ sí Òṣogbo. Àkókò yẹn gan-an ni ìwé rẹ dé, pé àwọn ará ilé Bàbá Mùyídéènì ní bí àgbà wa kò bá wá, àwọn kò ní í mú ọmọ àwọn jáde. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo gba ọ̀dọ̀ Rájí lọ. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó wo inú rẹ̀, ó sì jókòó lórí táyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí dánámò níbẹ̀ rárá. Ó wá ọ̀kan, ó dè é mọ́ ibi tó yẹ, ó fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó na wáyà, ó sì kan àpótí kékeré kan mọ́ ara mọ́tò nínú lọ́hùn-ún. Ó ní àpótí yẹn ló dúró láàárín dánámò àti bátìrì: bí ebi bá ń pa bátìrì, á ṣí ọ̀nà, bó bá yó, á sé e. Mo bi í pé kí ni àpótí náà ń jẹ níbẹ̀. Ó ní kò jẹ nǹkan kan. Cornelius, ìwọ tí o ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, ṣé o ti rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó dúró láàárín oúnjẹ àti olóúnjẹ tí kò bù lára rẹ̀? Àràárọ̀ ni mo ń kí àpótí náà báyìí.

Ohun tó kù tó dẹ́rù bà mí ni iná pupa kékeré kan tó wà níwájú ibi tí mo ń jókòó sí. Bí mo ti yí kọ́kọ́rọ́, ó tàn, inú mi dùn. Bí mọ́tò ṣe jí báyìí, iná náà kú. Mo ti jáde nílùú Iléṣà kí n tó kíyè sí i, mo sì padà lọ bá Rájí kíákíá pé iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé bó bá kú, bátìrì ń jẹun, bó bá ń tàn, wàhálà dé. N kò tíì mọ ìdí tí òyìnbó fi fi iná tó kú ṣe ìròyìn ayọ̀, àmọ́ mo ti gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ nígbàkígbà tó bá kú. Mo tún bi Rájí bóyá kò lè so dánámò kékeré mọ́ mi nídìí, kí n lè máa yó bí mo ṣe ń rìn lọ sóko, kí iṣu lè dúró pẹ́ nínú abà. Ó ní wọn kò tíì ṣe é débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wọ agbádá mi tó dára jù, mo kọ́kọ́ yí ìlú Iléṣà po kí bátìrì lè yó dáadáa, mo sì forí lé Ìwàràjà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n tẹ búrékì mọ́lẹ̀. Òkè kan wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Ìwàràjà. Òkè ni mo wí o. Erùpẹ̀ pupa ni, wọ́n kó o jọ pelemọ, ó ga lápá ibi ilé, ó wá dà gẹ̀rẹ́ sí ojú títì, wọ́n lù ú títí ó fi le bí ilẹ̀ yàrá, wọ́n sì to òkúta sí etí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn dúró lókè rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, wọ́n ń fi èkejì júwe fún mi pé kí n máa gun ún bọ̀.

Wọ́n ní dírẹ́bà lọ́rì kan ní oríta ló sọ fún àwọn pé òótọ́ ni mo sọ, pé mọ́tò tí kò ní iná nínú, òkè ló ń jí i. Wọ́n wá bẹ àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ gọ́tà pé kí wọ́n máa da gbogbo erùpẹ̀ wọn síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé nítorí èmi tí mò ń gbé ní Ìtagunmódì níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, mo ti fi góòlù hàn wọ́n, àwọn kan sì ti gbé igbá wá pé kí àwọn bá wọn sẹ́ erùpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lé wọn, wọ́n ní ibi ìjókòó mọ́tò àbúrò àwọn ni. Wọ́n sọ fún mi pé bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí n wá kí àwọn, ilẹ̀ kì í ṣe Ọlọ́run, ó ṣeé kó jọ.

Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Mo wo ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, níbi tí mo ti fẹ́ dúró kí n sì yangàn. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo gun òkè náà, mo sì pa mọ́tò. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá lórí erùpẹ̀ pupa. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti jẹun. A jẹ iyán. Àwọn ará àdúgbò ń wá, wọ́n ń fọwọ́ kan mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi í hàn wọ́n bí ẹni ń fi ìyàwó tuntun hàn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, gbogbo wọn tò sẹ́bàá títì láti wòran. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí iná pupa fi tàn, mo sì dúró síbẹ̀. Bí mo bá tún yí i díẹ̀ sí i, iṣẹ́ Rájí ni yóò jí mọ́tò, àmọ́ n kò yí i. Mo tú búrékì. Mọ́tò yí bọ́ láti orí òkè, mo ju gíà sí i, ó wúkọ́, ó jí, ariwo sì sọ. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àgbàlagbà tó ń jó lórí erùpẹ̀, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òkè àwọn ló jí i. N kò sọ ti dánámò fún wọn. Ìwọ náà kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Bí owó oṣù bá ti wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi ra obì àti ẹmu fún àwọn lébìrà yẹn, nítorí mo ti ṣèlérí. Bá mi ra omi bátìrì pẹ̀lú, tí wọ́n ń ta nínú ìgò, Rájí ní omi òjò orí páànù ṣọ́ọ̀ṣì kò dára fún un bó ti wù kí ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́ mímọ́ tó. Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o lọ wo iwájú ilé Bàbá Mùyídéènì bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o kó erùpẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Iwájú mọ́tò ni Màmá Ìwàràjà yóò jókòó, òkè sì ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ti ní àna tí kò bá lè wá ibi tí a óò gbé mọ́tò sí kò fẹ́ kí a pẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Ọlọ́run yóò sọ ilé rẹ di ilé ayọ̀. O kò ní í rìn títí kí o má rí ibi dúró. Bí ọ̀nà bá sì le fún ọ láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o fẹ́ràn, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò kó ilẹ̀ jọ dè ọ́, kí Nọ́síràtù jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ìwọ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnrìndé Fásanmí.