Ohùn Bàbá Nínú Ráútà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Múfútáù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Douala níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, mo kí Ṣérífátù àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, mo sì kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà. Òjò ibí ò jẹ́ kí a rímú mí. Láti àárọ̀ ló ti ń rọ̀ lé páànù ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà ńlá Marché Central, kò sí oníbàárà kan tó yọjú, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ̀wé. Ara wa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìyá mi, ohun tí ojú mi rí pọ̀ ju ohun tí mo lè pa mọ́ra. Ẹ rántí pé ìgbàkígbà tí ìyàwó mi bá bímọ, Bàbá, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí wọ́n á máa ki ọmọ náà. Orí fóònù kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Fóònù ọ̀hún ti darúgbó, ó ń kú, ó ń jí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tó bá kú tí kò jí mọ́, Bàbá kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Mo bá lọ sí àdúgbò Akwa. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ níbẹ̀ gbé ráútà méjì kalẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín Wáífáì káàkiri ilé. Ó ní kí n má wo ẹwà wọn, ẹ̀yìn wọn ni kí n wò. Ọ̀kan ò ní ihò tí a lè ki dísìkì tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán bọ̀, èkejì ní. Ó ní tí dísìkì bá ti wà lẹ́yìn èyí, gbogbo fóònù inú ilé àti tẹlifíṣọ̀n á máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀, kódà bí dátà bá tán pátápátá. Mo ní irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tan án níṣojú mi. Ẹnu mi ò lè padé! Èyí tó ní ihò ni mo gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù, mo sì ra dísìkì mọ́ ọn.

Mo kó ohùn Bàbá sínú dísìkì. Ọjọ́ kẹta, fóònù kú, kò jí mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ọjà dé sílé wa ní Nkololoun, mo fi fóònù tuntun tí mo rà wá Wáífáì ráútà, n kò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Sìdíkátù ìyàwó mi ní kí ló dé, ó ní Bàbá wà o, òun ti tọ́jú wọn. Àṣé ó ti gbé ráútà àti dísìkì sínú àpótí irin tó ń kó aṣọ òkè rẹ̀ sí, ó fa wáyà iná gba abẹ́ ìdérí, ó sì fi àgádágodo tì í! Ó ní ṣé irú ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ ni a ó gbé sí gbangba, kí gbogbo àlejò máa wò ó? Irin ni kò jẹ́ kí Wáífáì jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo tún sunkún díẹ̀ sí i. A gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Bàbá tó wà nínú sàréè ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, Sìdíkátù ń gbọ́ wọn lórí fóònù ní kíṣìnì, èmi náà ń gbọ́ wọn ní yàrá. Àjọkẹ́ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Faransé ti gba ẹnu rẹ̀, tó jẹ́ “bonjour” nìkan ló fi ń kí àgbà, gbọ́ tí Bàbá pe Àjọkẹ́. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun nìyí o. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ó dìde, ó ní kí n wá tẹ ti Mémé kí òun gbọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi, mo wá a, n kò rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ̀rọ̀ sórí fóònù, ẹ ó ní ohùn yín ti há, pé ti Bàbá ti tó wa. Kò tó wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ṣérífátù gbé fóònù sí yín lẹ́nu, kí ẹ ki ọmọ yín. Bí ikọ́ bá mú yín láàárín rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kánrinkése, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fẹ́ yín kù. Ẹ bá mi kí tilé toko. Ojoojúmọ́ ni Àjọkẹ́ ń bi mí bóyá ohùn yín ti dé.

Èmi ni Múfútáù, ọmọ yín.