Bí Ìkíni Ṣe Gbẹ Mọ́ Ara Mọ́tò Wa

Ilé Onígéètì Dúdú,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Ṣé bàbá àwọn ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi díẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fojú fo gbogbo ìkíni yìí kí ẹ lè tètè dé ibi tí ọ̀rọ̀ ojú Màmá wà. Ẹ ní sùúrù. Ojú Màmá ń bọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ló ṣáájú rẹ̀, bó sì ṣe rí nínú ilé wa náà nìyẹn.

Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ mi ra mọ́tò tuntun yìí, ohun tó sọ létí gbogbo wa ni pé nítorí Màmá ni, kí wọ́n má baà máa fi ojú tí kò ríran wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ilé ìwòsàn. A gbàdúrà fún un títí ẹnu fi ń ro wá. Àṣé mọ́tò máa gba ìtọ́jú tirẹ̀ kí ti Màmá tó kàn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni dókítà dá pé òun máa ṣí awọ funfun yẹn kúrò lójú wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni ọkọ mi gbé ìgò kékeré kan wálé bí ẹni gbé ẹyin. Sẹ̀rámíìkì ni wọ́n ń pe oògùn inú rẹ̀. Wọ́n ní tí ènìyàn bá fi pa mọ́tò lára, á gbẹ, á le bí dígí, eruku kò ní lè dúró níbẹ̀, òjò á kàn máa yọ̀ bọ́ ni. Àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní òun ti wo fídíò, kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ tí òun kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí kì í pààrọ̀ gílóòbù láìpe gbogbo ará ilé wá di àkàbà mú!

Ó wẹ mọ́tò bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Gbogbo aṣọ ìnura mi ló kó lọ nù ún. Ó ní ká ká aṣọ kúrò lórí okùn kí fọ́nrán òwú má baà fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, á pariwo, ni àwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án.

Òfin oògùn náà kò le rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pa á. Bó bá ti ń dán bí epo orí omi, wéré ni kí o fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bó bá fi gbẹ mọ́ ibẹ̀ láìnù, á ṣú bí kùrukùru, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, torí ta ni yóò rí òun bó bá tì í? Ta ni yóò sì kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ dúró. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú orí ire, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi lo ayé. Ọkọ mi kò lè kọ̀yìn sí àgbà dáhùn. Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún béèrè orúnkún tó ń dun bàbá náà. Kí ìtàn orúnkún tó parí, iwájú mọ́tò ti gbẹ. Ìyáàfin aránṣọ ló gba ilẹ̀kùn ọ̀tún, ẹ̀yìn sì jẹ́ ti alága àdúgbò, ẹni tí kì í kí ènìyàn láìgbàdúrà sí i. Mo ní kó ti géètì. Ó ní kí n lọ dá sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ mi.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kùrukùru ti bo mọ́tò lára. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Gbogbo wọn ní ó ń dán yinrin, ọkọ mi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òjò dé. Ọkọ mi ní omi kò gbọdọ̀ kan mọ́tò náà fún ọ̀sẹ̀ kan, pé ká bẹ dókítà kó sún un síwájú. Bẹ́ẹ̀, dókítà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pàdánù ọjọ́ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Inú bí mi. Màmá ti wé gèlè, wọ́n ti gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n ń táràrà bọ̀ títí ọwọ́ wọn fi kan mọ́tò. Wọ́n rọra gbá a lára.

“Mọ́tò, o kú ìsinmi o. Jókòó sílé ní tìrẹ, jẹ́ kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ.”

Wọ́n bá yíjú láti máa lọ. Ògiri ni wọ́n kọjú sí. Ọkọ mi wò wọ́n, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú Màmá lọ́jọ́ kejì, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n ní ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Oòrùn ti yọ nígbà tí a jáde, ọkọ mi sì dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá dúró níwájú mọ́tò. Wọ́n di ojú kan, wọ́n là á, wọ́n di ìkejì. Ojú wọn bá rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ká dá àwọn padà sọ́dọ̀ dókítà, ojú yìí kò tíì là, kùrukùru ṣì wà lára mọ́tò.

Mo wo ọkọ mi. Gbogbo àdúgbò ti purọ́ fún un, òun náà sì ti bá wọn gbè é. Ó kàn lè mi orí, kó ní kí Màmá ní sùúrù. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

“Màmá, ojú yín ti là. Mọ́tò ló fọ́jú. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú.”

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Màmá ní àwọn fẹ́ rí ojú gbogbo yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa bá ọkọ mi lẹ́nu géètì níbi tó ti ń bó oògùn náà kúrò, tó tún fẹ́ pa òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé tààrà. Ẹ má kí i.

Èmi ni tiyín, tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Àbíkẹ́yìn Màmá.