Ojú Ń Pọ́n Ọmọ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti gbogbo ará ilé. Ikọ́ ìyàwó mi ti lọ. Eyín iwájú àbíkẹ́yìn wa ti ká. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bí ilé tí kò nílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ mi ló mú mi kọ̀wé. Lánàá, ní ọ́fíìsì wa, ó ní, "Bọ̀dá, ojú ń pọ́n mi níbí o." Inú bí mi. Mo pariwo lójú gbogbo òṣìṣẹ́: "Ìwọ tó ń jẹ, tó ń yó nílé mi? Ìyà wo ni mo fi jẹ ọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rọra yọ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọ̀hún ló pọ́n lóòótọ́, bí ẹ̀jẹ̀, omi ń dà níbẹ̀. Iná gígùn tó wà lókè tábìlì rẹ̀ ń ṣẹ́jú látàárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jókòó ti fèrèsé kan ṣoṣo tí a ní.

Mo ti fún un láyè mi. Lónìí tí mo jókòó sábẹ́ iná yẹn, kí ọ̀sán tó pọ́n, orí ti ń fọ́ mi. Ẹni tó máa pààrọ̀ iná náà ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò pè mí ní Bọ̀dá mọ́, "sà" ló kù. Ọlọ́run á dá ojú gbogbo wa sí.

Ojú tirẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Tèmi ló ń tì.

Àbúrò yín.