Dádì Bá Mi Ṣe Ìṣirò Ooru

Tómisìn,

Mo ti lọ sílé ìwé, òní ni ìdánwò PDE mi, ìṣirò tó le yẹn. Ògì Dádì wà nínú fúláàsì. Jọ̀ọ́, má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára géètì. Ibùdókọ̀ Pleasure ni mo ti lọ mú Dádì lánàá, wọ́n ní àwọn ọmọ kíláàsì àwọn ń dúró.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti ìṣirò bí ooru ṣe ń rìn nínú irin, kò yé mi rárá. Dádì gba bíró lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Inú mi dùn, àṣé mo tètè yọ̀. Mo rò pé àìsàn ìgbàgbé yẹn ti fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ni wọ́n bá wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Orí ẹ pé o. Ta ni bàbá ẹ? Sọ fún un pé ó bímọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Màá sọ fún un."

Má sọ fún Mọ́mì, jàre.

Fúnmi